Ta Lo Ń Rẹ́ Jẹ Pẹ̀lú Ìnṣọ́ránsì 6,000?

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, àmọ́ ó kan ẹni tó ní mọ́tò, ó kan ẹni tó ń wa mọ́tò bàbá ẹ̀, ó sì kan ẹni tí kò ní mọ́tò rárá tó kàn ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Iye tí ìnṣọ́ránsì third party jẹ́ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí èèyàn fi ń rìn fúnra ẹ̀ ní Nàìjíríà, 15,000 náírà ni lọ́dún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kíní ọdún 2023 ló ti rí bẹ́ẹ̀. 5,000 ló wà tẹ́lẹ̀. NAICOM, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń darí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ló gbé iye yẹn kalẹ̀ fún gbogbo wọn. Kò sí ti "tiwa lówó pọ́ọ́kú", kò sí ti "mo lẹ́nìkan níbẹ̀". Tí wọ́n bá tà á fún ẹ ní 6,000 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe láísẹ́ǹsì, bébà ni wọ́n tà fún ẹ. Ìnṣọ́ránsì kọ́ yẹn.

Mo mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn kan. "Ọmọbìnrin yìí, epo wọ́n, ìrẹsì wọ́n, o tún fẹ́ ká lọ fún àwọn olówó lówó." Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ sórí àwọn olówó yẹn náà. Wọn ò ní lọ láìgba tiwọn.

Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: kí ni ìwé yẹn wà fún? Ẹni yòówù tí mo bá bi léèrè níbí ní Aké, ìdáhùn kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Fún ọlọ́pàá ni." Wọ́n á kì í mọ́ inú ike pẹ̀lú àwọn ìwé mọ́tò yòókù, wọ́n á jù ú sínú pígiọ̀nhóòlù mọ́tò, ó di ọjọ́ tí ẹnìkan bá dá wọn dúró. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Third party kò sí fún ọlọ́pàá. Kò tiẹ̀ sí fún ìwọ tó rà á. Ẹni tí o bá kọlù ló wà fún. Tí o bá já lu mọ́tò onímọ́tò, tàbí o wó ọgbà ilé onílé, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ ló yẹ kó tún un ṣe, owó náà sì lè tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Tí o bá ṣe èèyàn léṣe, tàbí ẹ̀mí bọ́, ìyẹn náà wà nínú ẹ̀. Ìdí tí òfin fi sọ ọ́ di dandan nìyẹn, kì í sì í ṣe òní: òfin ìnṣọ́ránsì third party ti wà láti 1945, ayé òyìnbó. Òfin ọdún 2003, tó wà kí òfin tuntun tó rọ́pò ẹ̀ lọ́dún 2025, fi ìyà tì í nígbà náà: ìtanràn 250,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní Abẹ́òkúta wa yìí. Sienna kan já lu ẹ̀yìn Corolla kan ní Sapọ́n. Kí ẹni tó ni Corolla tó bọ́ sílẹ̀, èrò ti pé jọ. Ẹni tó já lù ú ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà. Ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì ti ń sọ pé, "Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, ṣebí ẹ̀mí ò lọ sí i." Bàbá kan tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀ ti di onímọ́tò lápá mú: "Ọmọ dáadáa ni ẹ́, ó ti tó, má sọ̀rọ̀ mọ́." Tó bá yá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹni tí wọ́n kọlù, pé kí ló dé tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹlẹ́bi ti wọ mọ́tò ẹ̀, ó ti lọ. Ẹni tí kò jẹ̀bi ló máa gbé bọ́ńpà dání lọ bá panel beater, òun ló máa sanwó, òun náà ló máa gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mi ò ní ká má bẹ ara wa o. Ọmọ Yorùbá ni mí. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kì í ra iná iwájú mọ́tò.

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí gan-an, àǹtí mi kan ni, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ẹnìkan fọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tó fi ń kó ọjà ní Lafẹ́nwá. Àǹtí mi ò gba ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí ọkùnrin náà mú ìwé ìnṣọ́ránsì ẹ̀ wá. Ó mú un wá lóòótọ́, ìwé tó mọ́ tónítóní, tó ní òǹtẹ̀, tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan lórí. Èmi ni mo tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà wò lórí fóònù. Kò sí níbẹ̀. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní àwọn ò mọ nọ́ńbà yẹn rí. Ojú ọkùnrin náà pọ́n, torí ó dá a lójú pé ojúlówó lòun rà. 7,000 ló kó fún àjẹ́ǹtì kan tó mú fóònù lọ́jọ́ tó ń gbowó, tí kò sì mú un mọ́ láti ọjọ́ náà.

Iye tí panel beater àti àwọn tó ń kun ọ̀dà pè fún àǹtí mi jẹ́ 380,000. Òun ló san án. Owó tó fẹ́ fi kó aṣọ fún ọjà Iléyá ni.

Ó yá, ẹ wá sọ fún mi. Ta ni ìwé 7,000 yẹn rẹ́ jẹ? Ṣé ìjọba ni? Ìjọba ò ní dẹ́ńtì kankan lára.

Ẹ̀yin ọmọ Líṣàbi, àwa gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Kí Líṣàbi tó gba Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, àáró ló fi kó àwọn èèyàn jọ. Lónìí gbogbo wa ń lọ sóko tìẹ, lọ́tùn-únla ó di tèmi. Inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Olórógun ti jáde. Ohun tí rédíò ń pè ní "adójútòfò" yìí, àáró náà ni, owó ni wọ́n fi rọ́pò ọkọ́. Gbogbo wa dá 15,000. Ẹni tí jàǹbá bá kàn, a mú nínú ẹ̀, a fi tún tiẹ̀ ṣe. Ẹni tó wá ra ayédèrú, ẹ wo ohun tó ń ṣe: tí ẹlòmíì bá kọlù ú, á gba owó nínú àáró wa, tí òun bá kọlù wá, ìdọ̀bálẹ̀ ló ní fún wa. Láyé Líṣàbi, ẹ ò ní í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọlọgbọ́n.

Nígbà tí Kayode Egbetokun, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá lásìkò náà, tó tún jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn wa, kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 làwọn ọlọ́pàá máa bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò ní third party, kí ni ọ̀pọ̀ wa ń béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì? "Níbo ló ti pọ́ọ́kú jù?" Mi ò rí ẹni tó béèrè pé, "Ilé-iṣẹ́ wo ló máa ń sanwó tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀?" Àwọn oníayédèrú sì rí wa bí a ṣe ń sáré bọ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ibí yìí ni èmi àti àwọn content creator ẹgbẹ́ mi ti máa jà díẹ̀. Ẹ máa ń gbé fídíò òyìnbó sílẹ̀, ẹ á tú u sí Yorùbá, ẹ á ní "ẹ wo iye tí ilé-iṣẹ́ márùn-ún ń pè, kí ẹ mú èyí tó kéré jù." Ọ̀rọ̀ London nìyẹn. Níbẹ̀, ọjọ́ orí ẹ, àdúgbò tí ò ń gbé, irú mọ́tò tí o ní, àti bóyá o ti ní jàǹbá rí, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé owó sókè sódò. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún ń sunkún lé e lórí lójoojúmọ́. Níbí ńkọ́? Ọmọ ọdún 22 àti bàbá ẹni 70 ọdún, Corolla tó ti gbó àti Lexus tuntun, iye kan náà ni third party wọn. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi wé ara wọn nínú iye owó. Àwọn kan tiẹ̀ kàn sí mi lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn pé kí n bá àwọn polówó third party 6,500, àwọn á sì fún mi ní èrè lórí ẹni kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n fi nọ́ńbà ìwé-àṣẹ NAICOM wọn ránṣẹ́. Mo ṣì ń retí ẹ̀.

Fún ìmọ̀ yín, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni tiẹ̀ jẹ́ 5,000, ọ̀kadà 3,000. Ẹni tó bá tà á fún ẹ ní 5,000 fún Camry, bóyá kẹ̀kẹ́ ló rò pé ò ń wà.

Níwọ̀n ìgbà tí iye owó ti dọ́gba, ohun kan ṣoṣo ló kù láti fi yan ilé-iṣẹ́: ta ló máa dá mi lóhùn lọ́jọ́ tó bá burú? Ìyẹn ò sì sí nínú ìpolówó kankan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni panel beater. Mi ò ṣeré o. Ẹ lọ bá èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù tó tóbi díẹ̀, tó ń tún mọ́tò iléeṣẹ́ ṣe, ẹ rọra bi í pé ìnṣọ́ránsì wo ló ń tètè sanwó fún un, èwo ló ti jẹ ẹ́ ní gbèsè láti àná àná. Ẹ máa gbọ́ orúkọ. Wọ́n á sọ ọ́ tìbínú-tìbínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó bá wù yín lórí fóònù kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà àwọn tó ń tajà, àwọn yẹn á gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà tí wọ́n ní ká pè tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ pè, ọ̀sán Sátidé ni kí ẹ sì pè é. Tí ẹnikẹ́ni ò bá gbé e, ẹ ti rí ìdáhùn. Tí wọ́n bá gbé e, ẹ bi wọ́n: ọjọ́ mélòó ni ẹni tó máa wá wo mọ́tò fi ń dé? Ṣé ẹ ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta, àbí Èkó ni mo máa gbé ọ̀rọ̀ mi lọ? Ṣé mo lè fi fọ́tò àti fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Ṣé èmi lẹ máa sanwó fún ni, àbí ẹni tó tún mọ́tò ṣe? Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ẹni tó bá ń kùn sí yín nígbà tó ṣì ń wá owó yín, ẹ rò ó wò bó ṣe máa rí nígbà tí ẹ̀yin bá ń wá owó lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ẹ wò ó pé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn tí NAICOM fún ní ìwé-àṣẹ, ó wà lórí ìkànnì wọn. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ sanwó sí. Àjẹ́ǹtì tó ní "ẹ fi sí OPay mi, màá bá yín san án tó bá di Mọ́ńdè", ẹ sá fún un. Òfin sọ ọ́ kedere: bí owó ò bá tíì wọlé, ìnṣọ́ránsì ò tíì bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fọ́ mọ́tò ẹnìkan ní Sọ́ńdè, orí yín ni gbogbo ẹ̀ wà. Tí ìwé bá sì ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lọ sí askniid.org tàbí kí ẹ tẹ *565*11#, ẹ fi nọ́ńbà mọ́tò yín wò ó. Àkójọ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra wọn ṣe nìyẹn. Tí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọlọ́pàá.

(Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Ìdìrokò lọ Kútọnu, ẹ béèrè fún Brown Card ti ECOWAS lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín kí ẹ tó kúrò nílé. Òun ló ń ṣiṣẹ́ third party fún yín lẹ́yìn bọ́dà.)

Comprehensive ńkọ́, èyí tó ń tún mọ́tò tìẹ náà ṣe? Ìyẹn lówó lóòótọ́. NAICOM ní kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye mọ́tò, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó. Mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́fà, 300,000 lọ́dún nìyẹn ó kéré tán. Mi ò ní fi ojú burúkú wo ẹnikẹ́ni tí kò lè san án. Tèmi ni pé tí mọ́tò ẹ bá ti gbó, tí gbogbo ẹ̀ ò ju mílíọ̀nù méjì lọ, ojúlówó third party ti tó, kí o tọ́jú 100,000 yẹn fún táyà. Àmọ́ tó bá jẹ́ mọ́tò yẹn lo fi ń jẹun, tàbí o yáwó rà á, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Àwọn kan á wá pe mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́jọ ní mẹ́rin kí owó tí wọ́n máa san lè kéré. Kò burú. Lọ́jọ́ tí olè bá gbé e, mílíọ̀nù mẹ́rin ni òpin ohun tí ẹ máa gbà, ẹ lọ fi ra ìdajì mọ́tò. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ parọ́, iye tó rà á kí náírà tó já wálẹ̀ lọ́dún 2023 ló ṣì wà lórí ìwé ẹ̀ títí dòní. Lọ́dọọdún tí ẹ bá ń tún un san, ẹ tún iye mọ́tò náà sọ. Kí ẹ sì bi wọ́n nípa omi. A ò kí ń ṣe àlejò omi ní Abẹ́òkúta, a rí ohun tó ṣe lóṣù Keje ọdún 2018. Ẹ má gbà pé "comprehensive" túmọ̀ sí gbogbo nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín lórí ìwé ibi tí wọ́n kọ àgbàrá sí, kí wọ́n sì fi hàn yín iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ nínú owó àtúnṣe kí tiwọn tó wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn kan máa ń fi ọgbọ́n sí: owó tí wọ́n pè á jọ èyí tó rọrùn, iye tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ á sì pọ̀ débi pé dẹ́ńtì kékeré ò ní mú owó kankan jáde.

Ẹnìkan máa sọ pé, "Ọlọ́run ni ìnṣọ́ránsì mi." Àmín. Tìẹ nìyẹn. Ẹni tí o máa kọlù ńkọ́?

Ẹlòmíì á ní, "Wọn kì í san." Èyí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo àwáwí yín, torí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Lọ́dún 2022, NAICOM gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ Niger Insurance àti Standard Alliance. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ni o. Àwọn tó ń retí owó lọ́wọ́ wọn ò retí ẹ̀ mọ́ ní ìrọ̀rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní orúkọ ńlá nìkan ò tó, ká lọ bi panel beater. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́dún 2025 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ìnṣọ́ránsì mọ́tò yìí ní bílíọ̀nù 15 náírà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìdókòwò, wọ́n sì fún wọn ní ọdún kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ tiyín pé ibo ni wọ́n bá a dé. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ náà, ẹ gbọ́ tiyín. Nígbà tí ẹ ń gba 5,000, mílíọ̀nù kan ni òpin ohun tí ẹ máa san. Nísinsìnyí ẹ ń gba 15,000, mílíọ̀nù mẹ́ta ni. Ìlọ́po mẹ́ta sí ìlọ́po mẹ́ta, mo gbà pé iye náà ò burú. Ohun tó burú ni pé ẹ lówó láti fi gbé àwọn òṣèré sórí pátákó ńlá, ẹ ò lówó láti fi ẹnìkan tó gbọ́ Yorùbá sídìí fóònù jàǹbá. Ẹ ń gba owó ìyá tó ń ta àdìrẹ, ẹ wá fún un ní fọ́ọ̀mù olójú-ewé mẹ́fà tí lọ́yà pàápàá máa kà lẹ́ẹ̀mejì. Ayédèrú ń rí ọjà tà nítorí pé àwọn èèyàn ò rí ìyàtọ̀ láàárín òun àti ojúlówó tí kò dáhùn. Ẹ̀gbá ní Pàràkòyí láyé àtijọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹni tó gbowó tí kò gbé ọjà sílẹ̀, ó mọ ibi tí wọ́n máa gbé òun lọ. Lónìí, NAICOM ló jókòó síbẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn aráàlú. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá ń gbé yín lọ gbé yín bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NAICOM, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ sí i gàdàgbà. Mo ti rí i tí fóònù tó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́jọ́ kejì.

Tí ẹnìkan bá sì kọlù yín lónìí, kí ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó dé, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò ẹ̀, ẹ ya ìwé ìnṣọ́ránsì ẹ̀, ẹ ya ibi tó fọ́ àti bí mọ́tò méjèèjì ṣe dúró. Ẹ gba ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ ní kí panel beater kọ iye àtúnṣe sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tiẹ̀ ni ẹ máa gbé gbogbo ẹ̀ lọ, kì í ṣe tiyín. Lẹ́yìn ìyẹn, kó dọ̀bálẹ̀ bó bá ṣe wù ú.

Ó yá, gbogbo yín tẹ́ ẹ kà á dé ibí, ẹ lọ mú nọ́ńbà mọ́tò yín, tàbí ti bàbá yín tẹ́ ẹ̀ ń gbé jáde ní Sátidé, ẹ tẹ *565*11#. Ẹ padà wá kọ ọ́ sábẹ́ ibí: "ó wà" tàbí "kò sí". Ẹ má kọ nọ́ńbà mọ́tò yín síbẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn kọ iye tí ẹ san, àti ìlú tí ẹ ti rà á.